Gẹ̀ẹ́sì Tí Kò Lé Yorùbá Jáde

Ní oṣù Kíní ọdún 1970, àwọn ọmọ kan wọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti pinnu pé Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n ya àkókò tirẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú fún un.

Olùkọ́ yẹn ni mo máa ń rò. Ó mọ̀ pé ọmọ tó jókòó síwájú òun ti gbọ́ èdè kan yó kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ pe "z", "s" ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, torí pé "z" kò sí nínú èdè wa. "V" náà a máa di "f". Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bú ọmọ. Á ní kó fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀, kó pe "s", kó wá pè é lẹ́ẹ̀kejì títí ọ̀fun yóò fi máa gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀. "Z" ti dé nìyẹn, láìsí ẹgba.

Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n tayọ wọn.

N kò sọ pé gbogbo ayé ìgbà náà ló dára. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá nígbà yẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nà án tán, Yorùbá ń dúró dè é nílé. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ á bu owó ìtanràn lé e, bàbá á san án, á sì tún bá ọmọ wí.

Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa tó ń ka iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lórí bí irúgbìn ṣe ń hù. Gbogbo rẹ̀ ló kà lórí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò tàsé ọ̀rọ̀ kan. Mo bi í ìdí tí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú fi ń wú. Ó wò mí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà mọ púpọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ àwọn méjèèjì kò ní èdè kan tí wọ́n lè fi sọ ọ́ tán.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e: Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò ti pọ̀. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ iye ilé ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Modákẹ́kẹ́, tàbí iye ìwé ìṣirò lédè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Ó wù mí kí ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá mú ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan, kí wọ́n fún wọn ní ìwé àti olùkọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì ní sùúrù ọdún mẹ́fà.