Ariwo Kọ́ Ni Agbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbá òfìfo ní í pariwo. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ojú títì tó lọ láti Houston sí Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé mi.

Píkọ́ọ̀pù mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ oòjọ́. Bí àwọn ènìyàn wa bá ra mọ́tò ní Houston, èmi ni mo ń gbé e sórí tìrélà kékeré, tí mo ń fà á lọ sí èbúté Galveston, níbi tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti gbé e lọ sí Èkó. Ìrìn náà tó nǹkan bíi máìlì 50. Ní ọdún tó kọjá, páìpù tí èéfín ń gbà jáde lábẹ́ píkọ́ọ̀pù náà dípẹtà títí ó fi lu. Mo ní láti ra òmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti pààrọ̀ tirẹ̀ ṣáájú. Ó yọ sáyílẹ́ńsà dànù, ó fi páìpù gbọọrọ lásán rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ti tẹná, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé ọkùnrin kan ń kọjá. Mo fẹ́ irú rẹ̀, n kò ní í purọ́. Ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Tóbi, ta lẹ ń fẹ́ kó gbọ́ wa?” Mo rẹ́rìn-ín, n kò dáhùn.

Nígbà tí píkọ́ọ̀pù mi ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ mi yá mi ní tirẹ̀. Bàámi, tí wọ́n wá kí wa láti ilé, bá mi lọ. Ogún ọdún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn.

Nínú ìlú, ariwo náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ojú títì márosẹ̀, tí eré wa tó máìlì 65 ní wákàtí kan, tí ẹrù sì wọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, ariwo náà di ìró kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró, bí ìgbà tí oyin há sínú akèrègbè. Èmi àti Bàámi kò gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Lójijì ni mo rí ọwọ́ wọn níwájú mi, wọ́n ń na ìka sí díńgí. Táyà ọ̀tún tìrélà ti bẹ́, ó ti fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, irin ń họ ilẹ̀, iná ń ṣẹ́ yọ níbẹ̀. N kò gbọ́ ohunkóhun.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bàámi wo àkúfọ́ táyà náà títí, wọ́n ní, “Àjàní, etí ni awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Ariwo ni ẹrù fi ń pe olówó rẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ fowó ra ohun tí yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Mo rí i pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré púpọ̀ ni a máa ń nílò agbára tí a fi ń fa ẹrù. Páìpù tó bá fẹ̀ jù ń dín eré èéfín kù, kì í sì í ranni lọ́wọ́ níbẹ̀. Èyí tí mo yàn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn catalytic converter, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ lòdì sí yíyọ ẹ̀rọ náà, àyẹ̀wò èéfín sì wà ní agbègbè Houston. Mo yan irin 304, torí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun Galveston. Irin 409 kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ó yá dípẹtà jù ú lọ. Bí ẹ bá fi irin òòfà kan 409, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ 304.

Mo rí i dájú pé ẹnu páìpù náà kọjá táyà ẹ̀yìn, ó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá parí sábẹ́ ọkọ̀, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, lè rá wọ ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Bí ó bá sì kọjú sẹ́yìn gan-an, ooru àti èéfín rẹ̀ yóò máa fẹ́ lu wáyà tìrélà àti mọ́tò oníbàárà. Sáyílẹ́ńsà ńlá ni mo gbà, pẹ̀lú resonator tó ń pa ìró inú ọkọ̀ náà. Kí n tó sanwó, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ tó ní irú ẹ́ńjìnnì mi, tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú títì márosẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fi ìró tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yan tiyín.

Bàámi ti padà sílé. Nísinsìnyí, bí mo bá ń lọ sí Galveston, mo ń gbọ́ okùn ẹrù tí atẹ́gùn ń gbá, mo sì ń gbọ́ táyà tìrélà bí ó ti ń gun orí afárá. Mo ti wá rí èsì fún ìyàwó mi: kì í ṣe àdúgbò ló yẹ kó gbọ́ ọkọ̀ mi, èmi tí mo ń wà á ni.