Ikùn Tí A Kò Tíì Rán

"Dókítà, ẹ ti là á tán, kí ló dé tẹ́ ò rán an?" Àwọn ará ilé aláìsàn máa ń bi wá bẹ́ẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi. Ta ni yóò rí ọmọ rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí kò ní béèrè?

Nígbà tí táífọ́ọ̀dù bá ti lu ìfun, tí ìgbẹ́ dà sínú ikùn, ìfun náà á wú. Bí a bá fipá rán an, inú á le bí awọ ìlù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé kíndìnrín dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ò ní ráyè fẹ̀. Àpò ìrẹsì tó kún jù, èèyàn lè bù kúrò nínú rẹ̀. Ti ìfun kọ́. A sì tún máa padà wọlé lọ fọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà a ó fi nǹkan bò ó ná.

Kí la ó fi bò ó? Ní 1984, ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, Oswaldo Borráez gé àpò omi dírípù, ó sì rán an mọ́ etí ojú abẹ. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pè é títí dòní: Bogota bag. Kò wọ́n. Ó mọ́ gaara, o lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí o wo àwọ̀ ìfun bóyá ó ti ń dúdú. Àmọ́ omi inú ikùn ò rọ́nà gbà jáde àfi kó máa ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó burú jù ni pé kò fa nǹkan kan mọ́ra: lójoojúmọ́ ni etí ikùn méjèèjì ń sá fún ara wọn.

Ní 1995, Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ti wọn: ọ̀rá tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́, aṣọ tútù lórí rẹ̀, rọ́bà méjì, ọ̀rá alẹ̀mọ́ lókè pátápátá, ẹ̀rọ á wá máa fa omi. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn, ọ̀rá àti aṣọ tútù nìkan ló kù lórí ikùn ọmọ ọlọ́mọ.

Ti àwọn ará Sweden, tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ló wù mí jù. Wọ́n rán àwọ̀n mọ́ etí iṣan méjèèjì, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá padà wọ tíátà, wọ́n á gé àárín àwọ̀n, wọ́n á fún un díẹ̀ sí i, títí etí méjèèjì á fi pàdé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Bíbò yàtọ̀ sí fífà. Ikùn tí a bò tí a kò fà lè má ṣeé rán mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìfun lè lu níta gbangba, kí ìgbẹ́ máa gba ojú egbò jáde. Ẹni tó bá sì yè é lè máa gbé ikùn tó yọ síwájú bí bọ́ọ̀lù kiri fún ọdún pípẹ́.

Àpò ẹbí ni owó àwọ̀n ti ń jáde lọ́dọ̀ tiwa, lórí owó oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti rà. Nítorí ìyẹn, àpò dírípù náà la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi rúlà wọn àlàfo àárín etí méjèèjì, mo sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Bó bá fẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, mo máa ń pe ìyá aláìsàn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ká sọ̀rọ̀ owó àwọ̀n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.