Owó Ọ̀yà Alágbàṣe

Ìjọba Àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní ọdún 1977. Àwọn àlejò ti lọ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń jẹun níbẹ̀ nísinsìnyí.

Aránṣọ kan níbẹ̀ gba aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, ogójì, láti rán kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Apá rẹ̀ nìkan kò ká a, ó sì pe aránṣọ méjì tí kò ní ìsọ̀. ₦10,000 ni iye aṣọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì kò mọ̀. Ọkàn kan wí fún un pé, “San ₦2,000 fún wọn, wọn yóò dúpẹ́.” Ọkàn kejì dáhùn pé, “Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.”

Ó jókòó, ó ṣírò. Òwú, bọ́tìnnì àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦2,000. Ó ku ₦8,000. Òun ni ó wá iṣẹ́, òun ni ó gé aṣọ, òun ni yóò sì tún èyí tí ó bá bàjẹ́ ṣe: nítorí náà ó mú ₦3,000. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ni ó ni ₦5,000. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Èrè rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kùn. Ọ̀yà tí ó tọ́ kì í ṣe iye tí ebi lè mú kí ènìyàn gbà; iye tí a lè sọ ní gbangba láìtijú ni.