Lábẹ́ Àpáta Olúmọ
Ní ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Àpáta Olúmọ ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ihò tí wọ́n sùn sí ṣì wà níbẹ̀. Ojú ọlọ wọn sì hàn lára òkúta.

Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo débẹ̀. Mo rí i pé ẹni tí ogun lé ní láti kọ́kọ́ sùn, kó jẹun, kó tó mọ ibi tí yóò kọrí sí. Láti orí àpáta, òrùlé páànù Abẹ́òkúta tẹ́ rẹrẹ: ìlú tí wọ́n jáde lọ tẹ̀dó nìyẹn.

Bí ọ̀nà kò bá tíì là, ẹ sinmi ná. Bí ara bá sì mókun, ẹ jáde.