Ohun Tí Ará Kúbà Kò Gbàgbé

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú mi, àfi ọjọ́ tí ó ṣẹ mọ́ èmi alára lára.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá tó bí bàbá mi jáde láyé ní Ogbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa sì lọ sílé. Níbi ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé wa. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú mi, ó kì mí títí, ó wá dákẹ́, ó ń retí kí n dárúkọ bàbá tó bí bàbá mi àgbà. N kò mọ̀ ọ́n. Owó ni mo nà sí i. Àbúrò bàbá mi kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọmọ Òkè Ọya ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Nígbà tí a wọlé padà, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìtàn pín iṣẹ́ fún wa lórí àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ti jọba. Kúbà ló kàn mí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara mi ni wọ́n ní kí n lọ kà.

Erékùṣù ni Kúbà. Columbus gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1492. Ní 1511, Diego Velázquez kó àwọn ará Sípéènì wá láti gba ilẹ̀ náà. Hatuey, ìjòyè kan tó kọjú ìjà sí wọn, ni wọ́n dáná sun láàyè ní 1512. Àìsàn àti iṣẹ́ àṣekú pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn Taíno, onílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní 1791, tí oko ìrèké ibẹ̀ dàrú, Kúbà gba òwò ṣúgà náà, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́. Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1817 pé kíkó ẹrú yóò dópin ní 1820, ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́. Àkókò yẹn gan-an ni ogun Òwu jà, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú. Àwọn ènìyàn wa tí ogun kó ni wọ́n tà sókè òkun. Ẹrú tó dé Kúbà lé ní 700,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí òmìnira títí di 1886.

Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn tiwa níbẹ̀. Ní 1843, obìnrin Lucumí méjì, Carlota àti Fermina, wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní agbègbè Matanzas. Ẹ̀mí àwọn méjèèjì ló bá a lọ.

Àwọn tó kù kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lu bàtá, tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja lábẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Páàdì. Títí di òní, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọn a ní "moyubá". Mo júbà ni! Wọn a wá máa dárúkọ àwọn òkú tó ṣáájú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ka èyí dé ni mo pa ìwé dé. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbé sọdá òkun ń ka orúkọ àwọn bàbá rẹ̀. Èmi tí mo wọ ọkọ̀ lọ sílé n kò mọ ẹ̀kẹrin.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà níbẹ̀ tó korò. Èdè tí wọ́n fi ń nájà, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí, ti lọ. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè túmọ̀ gbogbo orin tí wọ́n ń kọ. Ohun tí wọ́n ń lò ló kù: orin, ìlù, àdúrà, orúkọ òkú. Àwọn tó mọ̀wé nínú wọn kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, wọ́n sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Pàṣán ló gba ìyókù lọ́wọ́ wọn. Ta ló na èmi ní pàṣán? N kò bú èdè Hausa o. Òun ni mo fi ń rajà, òun ni mo fi ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Kò sì sọ pé kí n má kọ́ tèmi.

Nínú ìsinmi tó kọjá, mo padà sí Ogbómọ̀ṣọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ kọ́ mi ní oríkì ilé wa." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àkàndé, ṣé wọ́n fẹ́ fi dán yín wò nílé-ìwé ni?" Mo ní rárá, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Wọ́n ń kì, mo ń kọ. Orúkọ bàbá mẹ́rin ni mo rí gbà. Ẹ̀karùn-ún, àwọn pàápàá kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú ìpàdé wa, tí a bá ti kí ara wa tán, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ sílé, ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣì rántí. Ẹ kú ìsinmi o.