Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Gbé Wa Dé Ilé Àbúrò Wa



Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ nítòsí Kétu dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àbúrò wa ọkùnrin. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Lóru, a kò rí oorun sùn. Ohun kékeré báyìí, a ti kígbe mọ́ ará ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wa obìnrin bi wá pé: “Bàbá, ṣé èmi náà wà nínú ìjà ilẹ̀ yìí ni?” A kò lè dá a lóhùn.

A lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ìfúnpá wa, wọ́n ní ó ti ń ga díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá bèèrè pé: “Olùkọ́, nígbà wo ni ẹ ṣe ohun tí ó mú yín làágùn kẹ́yìn?” Ẹnu wa wọhò. Láti ìgbà tí a ti ra alùpùpù, bí a bá fẹ́ ra iyọ̀ pàápàá, òun ni à ń gùn.

Kẹ̀kẹ́ wa àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. A tún un ṣe. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a gbà ọ̀nà Àkàbà Ìdènà jáde, a sì bọ́ sí ọ̀nà oko. Ní ọjọ́ kìíní, itan wa ń gbọ̀n, àwọn ọmọdé ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn gbọ́dọ̀ máa wo iwájú: kòtò níhìn-ín, ewúrẹ́ lọ́hùn-ún. Orí kò ráyè rojọ́ mọ́. Nígbà tí ó di alẹ́, oorun fúnra rẹ̀ ni ó wá wa wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà abúlé àbúrò wa. Inú ṣì ń bí wa nígbà tí a gbéra. Alùpùpù ì bá ti gbé wa débẹ̀ kí ìbínú tó tutù. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gbà tó wákàtí kan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a gùn ti gba agbára tí à bá fi jà. Nígbà tí àbúrò wa rí òógùn lójú wa, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ lẹ gùn dé ìhín?” Ó sáré gbé omi wá. A mu ún, a jókòó.

A kò ní tàn yín: kẹ̀kẹ́ kò pín ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà méjì. Ṣùgbọ́n à ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ọmọ wa kò sì bèèrè ìbéèrè yẹn mọ́.

Ẹni tí àyà ń dùn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ yẹra fún títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lẹ́yìn ilé tiyín náà, ẹ lé adìẹ kúrò lórí rẹ̀.