Ìyàwó Kan Ṣoṣo Náà Ńkọ́?

Àbúrò mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára àkísà tí mo ní jọjọ. Mo rí ìgbà tí ọkọ ìyàwó kò lè yọjú sí pẹpẹ láìwọ ìbọ̀wọ́ funfun àti kóòtù tó nípọn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo rí ìgbà tí kéèkì ní láti ga ju ìyàwó lọ kí àwọn èèyàn tó gbà pé ìnáwó náà pé. Mo sì ti dé àsìkò tiyín yìí, tí ẹ̀rọ ayàwòrán ń fò lókè orí àlùfáà, tí alága ìjókòó ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ títí ìrẹsì fi ń tutù nínú kúlà. N kò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Ayọ̀ ni, a kì í sì í dí aláyọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ohun tó wà lẹ́yìn Sátidé ìnáwó ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó gba ọ̀nà jíjìn débẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni wọ ilẹ̀ wa, ìbéèrè tó ń dúró de baálé ilé lẹ́nu ọ̀nà ìrìbọmi ni pé, ìyàwó mélòó lo ní? Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1888, nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ṣe àpérò Lambeth wọn, wọ́n fẹnu kò pé kí a má ṣe ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi, kí a máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ ná títí yóò fi lè gbé irú ayé tí ìjọ ń fẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kọjá kí àpérò kan náà, ní 1988, tó sọ pé a lè gbà á wọlé pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó bá gbàgbọ́, bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ kún un, kí a má sì fi ipá mú un lé ẹnì kan jáde. Àwọn kan lára àwọn baba wa ní Èkó kò dúró di ìgbà yẹn. United Native African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891, àti African Church tó tẹ̀ lé e ní 1901, gba ọmọ ìjọ olóbìnrin púpọ̀ láyè láti jókòó láàrin àwọn ará.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Ní 1884 ni òfin ìgbéyàwó jáde ní Èkó, tó fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá fi òrùka gbé obìnrin kò gbọdọ̀ gbé òmíràn lé e. Àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà, amòfin, dókítà àti oníṣòwò ńlá, gba òfin yìí tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé ó ní iyì. Wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì ń mú ìyàwó olórùka jókòó sí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ ìsinmi. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, púpọ̀ nínú wọn mọ ọ̀nà ilé ìyàwó òde, níbi tí ọmọ ti ń pe wọ́n ní bàbá, tí ọbẹ̀ sì ń dúró dè wọ́n lórí iná. Ìwé ìjọ péye, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ilé ni kò péye.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. A fi tọkàntọkàn ka ìyàwó. Bí iye náà bá sì ti di ọ̀kan, a ó pa ìwé dé, a ó kí ọkùnrin náà kú oríire, a ó fi í joyè ìjọ. Ẹnì kan kì í bi í pé, ìyàwó kan ṣoṣo náà ńkọ́? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ó mọ ohun tó ń wọlé fún ọ? Bí o bá wọlé lálẹ́, ṣé ara máa ń tù ú ni àbí ó máa ń kó o? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; bẹ́ẹ̀ ni gbogbo tọkọtaya ṣe ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ankara kan náà lọ́rùn wọn.

Àpọ́sítélì Peteru kò pa ìwé dé níbẹ̀ ní tirẹ̀. Ó láya, ìyá aya rẹ̀ ni Jésù wo ibà rẹ̀ sàn. Nínú orí kẹta lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ mẹ́fà ló fi bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, àwọn oníwàásù ọkùnrin sì mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí. Ẹyọ kan ló wá kù, ìkeje, fún àwọn ọkọ. Níbẹ̀ ló ti ní kí ọkùnrin mọ ẹni tó ń bá gbé, kí ó sì bu ọlá fún un, torí ajùmọ̀jogún ìyè ni àwọn méjèèjì, kí àdúrà wọn má bàa ní ìdènà. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àbúrò mi. Ọkùnrin tí kò bu ọlá fún aya rẹ̀ ti sé ọ̀nà àdúrà ara rẹ̀ láti inú ilé, kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí òkè Ìkòyí tàbí òkè Baba Abíyè ní Ẹdẹ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Tọkọtaya kan wá sí pálọ̀ mi nígbà kan, orúkọ wọn kò kàn wá. Díákónì ni ọkùnrin náà, aláàwẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí àdúrà òru. Ó ní ọkàn ìyàwó òun kò sí nílé mọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀tá ló ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó yọ ìwé àjákọ ọmọléèwé kan nínú báàgì, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya, ó gbé e sórí tábìlì. Gbèsè ni, ó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: gààrì, ata, owó lẹ́sìnnì àwọn ọmọ, epo, epo, epo. Ọkọ gbé ìwé náà, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó wá gbójú sókè.

“Ta ni Ìyá Súkúrà?”

“Ẹni tó ń tà wá lépo láwìn láti ọdún méjì ni.”

Àbúrò mi, Ìmọ̀le ni Ìyá Súkúrà. Òun ló ń bọ́ ilé díákónì, díákónì kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń kówó fóbìnrin. Owó oṣù rẹ̀ wà, ó ń fi kọ́lé níkọ̀kọ̀, ó ní ohun ìyàlẹ́nu lòun ń ṣe fún ìyàwó òun. N kò kọ́kọ́ gbàdúrà fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìsọ̀ Ìyá Súkúrà, kí ó san owó rẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ. Ó padà wá sọ fún mi pé obìnrin náà tún fi ìgò epo kan ṣe èènì fún òun.

Má rò pé àwọn ọkùnrin nìkan ni mo dojú kọ. Mo mọ obìnrin tó ń kó àṣírí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, tí yóò kúnlẹ̀ pé, “Ẹ bá mi gbé dádì wọn sínú àdúrà,” kí wọ́n tó ṣe àmín, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí dádì wọn ṣe. Mo sì mọ ilé tí ọkọ àti aya ti ń yan ara wọn lódì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé ọmọ kékeré ni ìránṣẹ́ àárín wọn: “Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.” “Lọ sọ fún ìyá rẹ pé ebi kò pa mí.” Bí agogo márùn-ún ìdájí bá sì lù, àwọn méjèèjì yóò dìde ṣe àdúrà ẹbí, àmín ẹnì kìíní yóò ga ju ti ìkejì lọ. Eyín àti ahọ́n a máa jà, kò sí ilé tí kò sí i. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ fáwọn ará Éfésù pé kí ìbínú má bá oòrùn wọ̀, ẹni tó bá sì lè la ẹnu sọ pé “má bínú” kí ó tó sùn ti wàásù fún àwọn ọmọ rẹ̀ ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Àwọn tọkọtaya kan ti fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ gbé ilé ṣáájú wa. Ní 1853 ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ dó sí Kúdẹtì. Wọn kò bímọ, ọmọ ọlọ́mọ ló kún ilé wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó kò wọlé mọ́, ebi sì dé. Wọ́n ń ta ohun èlò ilé wọn láti rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ náà. Títí ogun fi parí ní 1865, àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀ ni, ara wọn kò sì dá. Ní 1869 ni wọ́n kúrò, nígbà tó sì di 1870, Anna ti kú. Daniel Olúbí, tó bá wọn gbé nínú ilé náà, ló gba iṣẹ́ ìjọ Ìbàdàn lọ́wọ́ wọn. Mo gbà gbọ́ pé ìwàásù tó wọ Olúbí lára jù lọ kì í ṣe èyí tó gbọ́ lórí pẹpẹ, bí kò ṣe bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ṣe ń pín ìwọ̀nba oúnjẹ tó kù láìkanra mọ́ ara wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo gbọ́ pé ìwọ náà ti ń bá ẹbí ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀, inú mi sì dùn. Ìjọ yóò ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ ṣe é, ọ̀rọ̀ AS àti AS kì í ṣe ohun tí à ń fi ìgbàgbọ́ fò dá. Wọn yóò kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó, ẹ lọ déédéé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ìwọ ni n ó bi ní iye tí ọmọbìnrin náà ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣù, òun ni n ó bi ní iye tó ń wọlé fún ọ àti gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, a ó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ padà lọ sílé, ẹ jókòó ti ara yín, kí ẹ tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.